Ohun Tí Mo Lọ Bá ní Sókótó

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi rín, nítorí èrò mi ni pé jíjọ tí ìró ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ara wọn nìkan ni ó mú kí àwọn àgbà so wọ́n pọ̀. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óo dé Sókótó gan-an, tí n óo sì rí ìtumọ̀ òwe náà létí odò.

Ègé pòròpórò gbígbẹ kan wà lórí tábìlì mi ní ẹ̀ka wa yìí. Kò ju ìka ọwọ́ kan lọ ní gígùn, okùn tín-ínrín sì wà lára rẹ̀. Ó ti tó ẹ̀ẹ̀melòó kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti bi mí léèrè ohun tí mo ń fi ṣe. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé oògùn ni. Ìdáhùn ìbéèrè wọn ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ. Kì í ṣe ìtàn akin, kò sì sí ẹkùn tàbí ọ̀nì nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀, okùn àti ẹja ni.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n gbé bí mi, létí ọ̀sà. Ẹni tí ó bá mọ Ẹ̀pẹ́ yóò mọ̀ pé ẹja ni òkìkí ìlú náà. Ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n, kí ó dé ọjà ẹja Olúwo ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Apẹja ni bàbá mi, apẹja sì ni bàbá tí ó bí i. Bàbá mi a máa da àwọ̀n, a sì máa dẹ ìgèrè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwọ̀ ni ó fẹ́ràn jù lọ. Ó ní àwọ̀n kì í bá ẹja sọ̀rọ̀, kíkó ni ó ń kó o. Ìwọ̀ ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn àti ẹja bá ara wọn jíròrò. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó ti ń gbé mi sínú ọkọ̀ ní ìdájí. Inú ọ̀pá ògùrọ̀ tí ó fúyẹ́ ni ó fi ń ṣe ohun tí ń léfòó lórí okùn ìwọ̀ rẹ̀, olùṣọ́ ni ó sì ń pè é. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ mi nípa olùṣọ́ kò gùn rárá.

"Bí ó bá gbọ̀n, ẹja ń tọ́ ọ wò ni, má fà á. Bí ó bá rìn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹja ti fi ẹnu gbé e. Má fà á síbẹ̀. Ìgbà tí ó bá rì ni kí o tó fà á, nítorí ìgbà náà ni ẹja ti gbà pé tòun ni."

Nígbà tí ó yá, bàbá mi rán mi lọ sí ilé ìwé girama kan tí àwọn ọmọ olówó pọ̀ sí. N kò ní dárúkọ ilé ìwé náà, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ yìí kì í ṣe tirẹ̀, tèmi ni. Ní ọjọ́ ìbẹ̀wò àwọn òbí, bàbá mi wá. Láti etí omi ni ó ti wá tààrà. Apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan wà lórí rẹ̀, òórùn ọ̀sà sì wà lára aṣọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé, "Ta ni bàbá yẹn?" Mo sì dáhùn pé, "Ẹnì kan tí wọ́n rán wá láti ilé wa ni."

Bàbá mi kò jìnnà sí wa. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì wí fún mi pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n ní kí n gbé èyí fún yín." Ó yí padà, ó sì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí. Bàbá tí ó bí mi lọ́mọ ni ó pè mí ní ẹ̀yin, kí irọ́ mi má baà já lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Láti ọjọ́ náà títí mo fi jáde ní yunifásítì, kò sọ̀rọ̀ náà kàn mí rí. Èmi náà kò bá a wọ ọkọ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè iṣẹ́ bàbá mi lọ́wọ́ mi, n óo ní oníṣòwò ni.

Ní 2009, mo lọ sin ilẹ̀ bàbá wa gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀. Ètò tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ni ó sọ ọmọ Ẹ̀pẹ́ di olùkọ́ ní Sókótó. Yàrá tí mo háyà kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ń pè ní Kasuwar Kara. Kasuwa ni Hausa ń pe ọjà. Bí mo ti gbọ́ orúkọ náà, mo rántí Kárà tiwa, èyí tí ó wà létí odò Ògùn nítòsí Ìṣẹrì, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọjà ẹran ni tiwa, ọjà ẹran ni tiwọn pẹ̀lú. Àgbò, ewúrẹ́, màlúù àti ràkúnmí ni ó máa ń kún ibẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni igbe ẹran yóò ti jí mi. Eruku yóò gba ojú ọ̀run, àwọn alágbàtà yóò máa fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn àgbò wò, ẹni tí ó fẹ́ rà yóò máa wo eyín rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ tà yóò sì máa búra. Bí iléyá bá ń súnmọ́, ènìyàn kì í rí ibi fi ẹsẹ̀ sí.

Ní ẹnu ọ̀nà ọjà náà ni bàbá arúgbó kan ń jókòó sí. Okùn ìso-ẹran ni ó ń tà. Mo ń rí i ní àràárọ̀ bí mo bá ń lọ sí ilé ìwé, a sì máa ń kí ara wa. Baba ni mo ń pè é. Hausa náà ń pe bàbá ní baba, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn kò béèrè ògbufọ̀ láàrin wa. Òun ń pè mí ní Bayerabe, èyí tí í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo rí i tí ó ń ṣa irun funfun tí ó bọ́ lára àgbò, tí ó ń yan èyí tí ó gùn nínú rẹ̀, tí ó sì ń dì í sínú ewé bébà. Mo fi ìwọ̀nba Hausa tí mo gbọ́ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ká ìka rẹ̀ kan kò bí ìwọ̀, ó ní, "Ƙugiya." Ó wá fi ọwọ́ kejì rìn bí ẹja, ó ní, "Kifi."

Ó yà mí lẹ́nu. Mo ti gbọ́ pé ekòló, ìyẹ̀fun pípò tàbí ẹran ni ènìyàn ń fi ṣe ìdẹ. N kò gbọ́ ti irun àgbò rí. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti sọ fún un pé mo fẹ́ bá a lọ.

Sátidé kan ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010 ni a lọ. Ẹni tí ó bá rò pé ooru nìkan ni ó wà ní Sókótó, kò tí ì jí ní ìdájí ibẹ̀ nígbà ọyẹ́. Baba fi láwàní bo ẹnu àti imú, èmi da aṣọ òtútù bo ara. A ra àkàrà, tí àwọn ń pè ní kosai, a mu kókò gbígbóná lé e, alùpùpù méjì sì gbé wa gba ọ̀nà Kwalkwalawa, abúlé tí ó wà létí odò lápá ibi tí yunifásítì wà.

Orí ilẹ̀ gíga ni ìlú Sókótó wà. Muhammad Bello ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní 1809, ojú ẹni tí ó sì yan ibẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí láti orí ilẹ̀ náà ni ènìyàn ti ń wo àfonífojì odò nísàlẹ̀. Odò méjì ni ó pàdé nítòsí ìlú náà. Odò Rima ń ti apá ìlà-oòrùn àríwá bọ̀, ó ń gba Goronyo àti Wurno kọjá. Odò Sókótó ń ti apá Gusau àti Talata Mafara bọ̀. Bí wọ́n bá ti pàdé, wọn óo jọ ṣàn lọ sí Argungu àti Birnin Kebbi, títí wọn óo fi wọ inú Ọya. Nígbà tí Baba fi ọ̀pá rẹ̀ ya èyí sílẹ̀ fún mi, tí mo sì mọ̀ pé odò Ọya tí àwọn bàbá wa ń kì ni omi yìí ń lọ bá, ojú àjèjì tí mo fi ń wo ibẹ̀ dínkù.

Ẹ̀bá odò náà kò jọ Sókótó tí mo rò tẹ́lẹ̀. Fadama ni wọ́n ń pe ilẹ̀ àkùrọ̀ ibẹ̀. Oko àlùbọ́sà lọ salalu, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nínú ọyẹ́. Albasa ni wọ́n ń pè é. Láti inú èdè Lárúbáwá ni àwa àti àwọn ti jọ yá ọ̀rọ̀ náà. Odò ti fà, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ó fi iyanrìn sílẹ̀ ní ibi púpọ̀, ó sì kó ara rẹ̀ jọ sí àwọn ibi jíjìn. Ibi jíjìn bẹ́ẹ̀ ni ẹja máa ń sá sí. Baba sọ fún mi pé omi kì í kún bí ti àtijọ́ mọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti dí àwọn odò náà lókè. Òótọ́ ni ó sọ. Wọ́n parí ìdídò Bakolori lórí odò Sókótó ní 1978, wọ́n sì parí ti Goronyo lórí Rima ní 1984. Omi tí ó máa ń bo àkùrọ̀ lọ́dọọdún, tí ẹja fi ń rí ibi yé sí, ni àwọn ìdídò náà ń dá dúró sílé.

A jókòó sí ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Baba tú ẹrù rẹ̀. Ó mú ìtì pòròpórò ọkà bàbà kan jáde, ó bó èèpo rẹ̀, ó gé e sí ìwọ̀n ìka ọwọ́, ó sì fi òwú so ó mọ́ okùn ìwọ̀. Olùṣọ́ bàbá mi ni mo rí yìí! Mo bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní pòròpórò lásán ni, kara ni wọ́n ń pè é. Mo rẹ́rìn-ín. Láti Kara ni a ti wá, kara ni a sì tún so mọ́ okùn. Ní etí èmi tí mo jẹ́ àjèjì, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni ó mú ìwọ̀ tí ó ti fi òjé kékeré sí lọ́rùn. Ó gbé irun àgbò lé e, ó fi òwú pupa wé e mọ́lẹ̀ ní ọrùn, ó sì jẹ́ kí ìdí irun náà tú sílẹ̀ bo ìwọ̀. Ó fi ègé ekòló kékeré sí ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ó rì í sínú omi lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi kí n lè wò ó, irun náà ṣí, ó pa dé, ó tún ṣí, bí ohun tí ó ń mí. Bí Baba bá mi orí ọ̀pá díẹ̀, pòròpórò yóò jó lójú omi, irun yóò sì jó nísàlẹ̀. Ẹja tí kò bá fẹ́ jẹ ẹ́ pàápàá yóò fẹ́ mọ ohun tí ó jẹ́.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni mo tó kà nínú ìwé pé iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn apẹja ń ṣe ní àwọn odò ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ní Oregon àti Washington. Jig ni wọ́n ń pe ìwọ̀ olórí òjé tí wọ́n fi irun tàbí ìyẹ́ ẹyẹ wé. Wọn a so ó sábẹ́ ohun tí ń léfòó, wọn a sì jẹ́ kí odò máa gbé e lọ. Ẹja tí wọ́n ń fi wá ni steelhead. Inú odò ni wọ́n ń bí ẹja yìí sí. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, yóò wọ inú òkun lọ, yóò sì máa jẹ̀ káàkiri nínú ibú fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí àkókò àtiyé bá tó, odò tí wọ́n ti bí i ni yóò tún wá padà. Nígbà tí mo ka èyí, mo pa ìwé náà dé, mo sì ronú fún ìgbà pípẹ́. Èmi náà ti wọ òkun lọ nígbà kan.

Kí n padà sí etí odò. Kò pẹ́ tí Baba ju ìwọ̀ tí ó fi pa èpìyà méjì, tí wọ́n ń pè ní karfasa. Ó wá gbé ọ̀pá fún mi. Mo jókòó, mo tẹjú mọ́ pòròpórò náà. Oòrùn ti yọ, ọyẹ́ ti ń fúyẹ́, omi sì ń dán débi pé ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Pòròpórò gbọ̀n. Ọkàn mi fò, mo fa ọ̀pá sókè. Ìwọ̀ lásán ni ó jáde, ekòló ti lọ. Mo tún ju ú. Ó pẹ́ díẹ̀, pòròpórò gbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí apá òsì. Mo tún fà á. Ìwọ̀n ẹja náà dé ọwọ́ mi; ó wúwo, ó fi agbára yí padà, okùn dún fín-ín, ó sì já. Ìwọ̀, òjé, irun àti kara, gbogbo rẹ̀ bá omi lọ.

Ojú tì mí. Ìwọ̀ mẹ́ta péré ni Baba mú wá, mo sì ti sọ ọ̀kan nù. Kò bínú. Ó wí fún mi pé, "Haƙuri." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bẹ ènìyàn ni, òun náà ni wọ́n sì fi ń sọ pé kí ènìyàn ní sùúrù. Ó mú ìwọ̀ mìíràn, ó nà án sí mi pé kí n so ó fúnra mi. Bóyá ó fẹ́ fi jẹ mí níyà díẹ̀ ni.

Mo gba ìwọ̀ náà. N kò tí ì so ìwọ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó ki okùn bọ ojú ìwọ̀, ó fi ìdí okùn wé ara okùn ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó dá a padà bọ inú ihò àkọ́kọ́. Mo gbé e sí ẹnu, mo fi itọ́ rin ín, kí n tó fà á le. Bàbá mi ni ó máa ń fi itọ́ rin ín bẹ́ẹ̀, nítorí okùn gbígbẹ a máa jóná bí a bá fà á le, kì í sì í pẹ́ já. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Baba ti dẹ́kun iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìdìpọ̀ náà ni ó ń wò.

Ó bi mí pé, "Wa ya koya maka?" Ìyẹn ni pé, ta ni ó kọ́ ọ?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, irọ́ tí mo ti ń pa láti ọdún yìí wá ti dé ètè mi. Mo mọ ohun tí Hausa ń pe oníṣòwò. Ọmọ ọjà ni wọ́n ń pè é, ɗan kasuwa. Ṣùgbọ́n oníṣòwò wo ni ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní síso ìwọ̀? Mo wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ bàbá mi ni.

Mo dáhùn pé, "Babana. Babana masunci ne." Bàbá mi ni. Apẹja ni bàbá mi.

Bóyá nítorí pé èdè náà kì í ṣe tèmi ni ó ṣe rọrùn fún ẹnu mi. Ohun tí n kò lè sọ ní Yorùbá láàrin àwọn ọmọ olówó, mo sọ ọ́ ní Hausa tí kò já gaara fún alókùn kan létí odò Rima. Baba ní, "Madalla!" Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó sún lórí awọ àgbò tí ó jókòó lé, ó sì fi ọwọ́ gbá ibẹ̀ pé kí n wá jókòó. Láti òwúrọ̀, orí iyanrìn ni mo ti wà. Ó bèèrè bóyá bàbá mi ṣì wà láyé. Mo ní ó wà. Ó ní, "Ka gaishe shi." Bá mi kí i.

Mo ju ìwọ̀ padà sínú omi. Pòròpórò gbọ̀n, mo dúró. Ó rìn lọ sí apá òsì, ó dúró, ó tún rìn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo dúró. Lẹ́yìn náà ni ó rì láìpariwo, bí ẹni tí ó wọ ilé rẹ̀ tí ó sì ti ìlẹ̀kùn. Ìgbà náà ni mo tó fà á. Àrọ̀ ni, ó gùn tó ìgúnpá mi sí orí ìka. Ó bá mi jà títí a fi fà á gun iyanrìn, Baba sì fi aṣọ bò ó lórí.

Lẹ́yìn tí Baba kí ìrun Àìlà tán, a dáná. A yan èpìyà méjèèjì, a ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn wa, a sì jẹun. Nígbà tí a ń jẹun ni ó sọ ti Argungu fún mi, ìlú tí ó wà ní nǹkan bí kìlómítà 100 sí Sókótó. Ó ti lọ síbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ìtàn sọ pé Sókótó àti Kebbi ti bá ara wọn ṣọ̀tá fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, kí Sultan Hassan tó bẹ Argungu wò ní 1934. Láti fi ṣe é lálejò ni wọ́n fi ṣe ọdún ẹja pípa, láti ìgbà náà ni ọdún náà sì ti gba orúkọ. Àwọn ọkùnrin yóò bẹ́ sínú odò Matan Fada pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè nìkan, ẹni tí ó bá pa ẹja tí ó tóbi jù ni yóò gba ẹ̀bùn. Giwan ruwa ni wọ́n máa ń wá jù, èyí tí ó túmọ̀ sí erin omi. Ní 2016, àjọ UNESCO kọ ọdún náà sínú ìwé àwọn àṣà tí gbogbo ayé ń pọ́n lé. Mo ń gbọ́ ìtàn yìí, mo sì ń rò ó nínú ọkàn mi: ọba méjì fi ẹja parí ìjà, èmi sì fi ẹja dá ìtìjú sílẹ̀ láàrin èmi àti bàbá mi.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe bàbá mi lórí fóònù.

"Ẹ kú alẹ́, Bàbá."

"Kú alẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, sà. Mo lọ pẹja lónìí."

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí ó ṣe, ó ní, "Ẹja? Ní Sókótó? Ṣé omi wà níbẹ̀ ni?"

"Omi wà níbẹ̀, Bàbá. Mo pa àrọ̀ kan. Bàbá kan ní kí n kí yín. Ó ní ẹ kọ́ mi dáadáa." Mo mí kanlẹ̀. "Bàbá, ní ọjọ́ tí ẹ gbé ẹja wá fún mi ní ilé ìwé..."

Ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. "Olùṣọ́ rẹ̀ ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

"Pòròpórò ọkà bàbà ni."

"Pòròpórò! Yóò fúyẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yóò máa tètè mu omi."

"Ó mu omi, sà. A pààrọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá ń bọ̀ wálé, mú ọ̀kan bọ̀ wá fún mi."

Ìdáríjì tí mo rí gbà ni ìyẹn. Mo mú un lọ fún un nígbà tí mo parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀. A gbé e wọ ọ̀sà ní ìdájí, òun àti èmi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó gbóríyìn fún ẹni tí ó gé e. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí a ń bọ̀, èmi ni mo ru apẹ̀rẹ̀ ẹja gba inú ọjà kọjá, mo sì ń dá àwọn ènìyàn lóhùn bí wọ́n ti ń kí wa.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010 kan náà, mo gbọ́ lórí rédíò pé omi ti ya ní ìdídò Goronyo, ó sì ti bo abúlé àti oko ní bèbè odò Rima. Gbogbo ara mi ni ó wárìrì. N kò ní nọ́ńbà fóònù Baba. Mo pe olùkọ́ kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ní Sókótó, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi dé Kasuwar Kara. Ọjọ́ kẹta ni ó tó pè mí padà. Ó ní Baba wà níbi okùn rẹ̀, ṣùgbọ́n oko àlùbọ́sà tí a ti rà á ti bá omi lọ. Ó ní Baba bi òun léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ṣé mo jẹ́ iṣẹ́ tí òun rán mi sí bàbá mi?

Bàbá mi kú ní 2017. Nínú àpótí ìwọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí ègé pòròpórò náà. Òun ni ó wà lórí tábìlì mi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, èmi ni mo máa ń gba fọ́ọ̀mù tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ kún nígbà tí ẹ bá wọlé. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ òbí, mo máa ń rí oníṣòwò púpọ̀. N kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè, nítorí èmi náà ti kọ ọ́ rí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ohun mìíràn tún wà tí ó kan ẹ̀ka wa. Orúkọ ẹja, orúkọ ìgèrè, irú ìdìpọ̀ okùn, ohun tí alágbẹ̀dẹ ń pe ewìrì rẹ̀ àti èyí tí aláró ń pe ìkòkò rẹ̀, ẹnu àwọn òbí wa ni gbogbo rẹ̀ wà. Èdè tí a wá kọ́ níhìn-ín ni. Bí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n bá lọ láìsí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè, ìwé wo ni a óo wá a lọ?

Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ. Inú àpò ṣòkòtò ni ohun tí mo lọ bá ní Sókótó wà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wọ ṣòkòtò náà láìki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, títí alókùn kan ní Kasuwar Kara fi bi mí léèrè ẹni tí ó kọ́ mi. Bí ẹ bá délé nígbà ìsinmi yìí, ẹ jókòó ti bàbá yín, ẹ jókòó ti ìyá yín, ẹ ní kí wọ́n fi iṣẹ́ wọn hàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sì bá mi kí wọn.